Mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa Ifẹ̀ àtijọ́: báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kó yè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ni mò ń gbé. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan tó wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1300. Àwọn tó kà á ní ó dà bí ìwé tí tíṣà fi ń kọ́ ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, mo ka orí kìíní tí o fi ránṣẹ́. Àlàyé ló pọ̀ jù níbẹ̀: ta ni ọba, ìlú wo ló ń sìn ín. Ẹni tó ń gbé Ifẹ̀ nígbà náà kò ní ṣàlàyé Ifẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ló wà lọ́kàn rẹ̀. Wá ẹni tí ọ̀ràn kan ká lára, kí o sì fún un ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni èmi ì bá yàn. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe dígí náà. Ó yá, mú ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èédú ti fẹ́ tán, dígí kò tíì yọ́, ìjòyè tó ni iṣẹ́ sì ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ náà ń fín ẹwìrì, ooru ń gbá a lójú, àpá iná àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkàwé á mọ̀ pé Ifẹ̀ lọ́rọ̀ láìjẹ́ pé o sọ ọ́. Bó bá sáré jáde lọ wá èédú nínú òjò, jẹ́ kó gba orí àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró sínú ilẹ̀, èyí tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n ṣe.

Oúnjẹ ló tètè ń tú àṣírí òǹkọ̀wé. Ìyá inú ìtàn rẹ ro láfún, ó sì fi ata rodo se ọbẹ̀. Mo mọ bí láfún ti jẹ́ sí wa l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, tòmátì àti ata rodo ti wá. Kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú ọdún 1492. Fún un ní iṣu, ọkà bàbà, epo pupa àti irú, kí ìyèré sì ta nínú ọbẹ̀. Bọ́ àdìrẹ lára rẹ̀ pẹ̀lú. Aró ẹ̀lú ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n aṣọ funfun òyìnbó tí ọkọ̀ ojú omi kó wá ló jẹ́ kí àdìrẹ tí à ń rà ní Ìtòkú gbilẹ̀.

O tún ní ọmọ inú ìtàn rẹ sá wá sí Abẹ́òkúta. Ọdún 1830 ni a tẹ̀ ìlú yìí dó. Bó bá pọn dandan, jẹ́ kó sùn lábẹ́ àpáta tí a ń pè ní Olúmọ lónìí, kí igbó yí i ká.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, dín òwe kù. Àwọn àgbà náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ lásán, pàápàá nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé agogo méjì ti lù.

Tún orí kìíní kọ láti ìdí iná ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ọba lè dúró di orí kẹta.