Ṣé owó ọkọ̀ òfuurufú nígbà ìsinmi ilé-ìwé ló ń fa ọ̀wọ́n-gógó?

Ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì Kútọnu sí Paris ti wọ́n sí i látìgbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Àjàṣẹ́ ti gba ìsinmi. Ó ń dá kún ọ̀wọ́n-gógó lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ni. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn ìpín tó kó nínú ìnáwó aráàlú, nínú ìṣirò ọ̀wọ́n-gógó tí INStaD, àjọ ìṣirò ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ń gbé jáde lóṣooṣù. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kó 5 nínú 1000 ìnáwó náà, kó sì fi 40% wọ́n sí i: 0.2% péré ni yóò fi kún un. Oúnjẹ ló gba ìpín tó pọ̀ jù ní Bẹ̀nẹ̀, àgbàdo ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ má fi oṣù keje wé oṣù kẹfà. Oṣù keje èṣí ni kí ẹ fi wé e. Ìsinmi wà nínú méjèèjì, kìkì ohun tó bá lé ti èṣí ló kàn yín.

Ọdún Àjíǹde ló máa ń da ìṣirò yìí rú, pàápàá ní Yúróòpù. Ní 2024, 31 oṣù kẹta ló bọ́ sí. Ní 2025, 20 oṣù kẹrin. Ọ̀wọ́n tíkẹ́ẹ̀tì wá ṣí láti oṣù kan bọ́ sí èkejì. Ẹ da oṣù méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó ṣèdájọ́.