Ṣé èmi ni mo kúnlẹ̀ yan àìsàn yìí?

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi rè é, mo gé e kúrú: "Láti kékeré ni mo ti ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí ìrora tún dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí n gba kámú, àkúnlẹ̀yàn mi ni. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé èmi ni mo lọ tọrọ àìsàn lọ́run ni? Kí ni àwọn àgbà ń sọ gan-an bí wọ́n bá ní nǹkan jẹ́ àkúnlẹ̀yàn?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Rárá, ẹ ò tọrọ àìsàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ìtùnú ni ẹ̀gbọ́n màmá yín fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n mú wá fún yín. Ìdajì tó kù ni oògùn wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, "Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dáyé tán, ojú ń kán wa." Ọ̀pọ̀ èèyàn a gbọ́ "yàn", wọn a rò pé ẹni náà la ojú sílẹ̀ kedere, ó rí ire, ó rí ibi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ibi. Ìtàn tí Ifá sọ nínú odù tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń tọ̀run bọ̀ wáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílééméèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Dandan ni kí wọ́n yà nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú mú tirẹ̀. Àjàlá mọṣẹ́, ṣùgbọ́n onígbèsè ni, kì í sì í ṣe gbogbo orí tó mọ ló jinná. Òmíràn ti sán nínú, òmíràn ò rí iná tó. Téèyàn bá fojú wò wọ́n, gbogbo wọn ló ń dán. Nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá. Wọ́n mú orí tó tóbi, tó rẹwà, wọ́n gbé e rù, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò tíì dé ilé ayé tí òjò fi dé. Òjò náà pa wọ́n, ó pa wọ́n, amọ̀ tí ò jinná bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn, títí tí orí àwọn méjèèjì fi jẹ tán.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Wọn ò jalè, wọn ò pààyàn. Orí tó dára lójú ni wọ́n rí, òun ni wọ́n mú. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò dé, ni àbùkù wà, ọwọ́ ẹni tó sun ún ló sì ti wá. Afùwàpẹ́ náà ò mọ orí yàn jù wọ́n lọ. Ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni, wọ́n dífá fún un, ó gbé iyọ̀ àti owó dání. Owó yẹn ló fi san gbèsè tó lé Àjàlá sá gun òkè àjà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá irin gbá orí wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó le, ó sì gbé e fún un. Òjò tó pa àwọn yòókù pa òun náà, orí tirẹ̀ ò yìnrìn.

Nígbà tí wọ́n dáyé, àwọn méjèèjì ní àwọn ò mọ ibi olórí gbé yan orí, àwọn ì bá lọ yan tàwọn. Afùwàpẹ́ dá wọn lóhùn: "Ibìkan náà la ti gbé yan orí o, kádàrá ò papọ̀ ni." Ẹ kíyè sí i pé kò bú wọn. Kò ní ìwà wọn ló fà á. Ẹni tí orí rẹ̀ le jù nínú ìtàn náà ló sọ fún wọn pé ilé kan náà làwọn jọ yà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá tún pe àìsàn yín ní àkúnlẹ̀yàn.

Àwọn àgbà tún ní ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tó ń bá a rìn. Àkúnlẹ̀gbà ni èyí tí a gbé fúnni, tí a kàn tẹ́wọ́ gbà. Àyànmọ́ ni èyí tí a yàn mọ́ni. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé a fẹ́ pe àrùn yín lórúkọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkúnlẹ̀gbà ló sún mọ́ ọn jù. Ohun tí àwọn dókítà rí náà nìyẹn. Ọdún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbíìnì, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, tí í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yìí. Ara àwọn òbí le koko, kò sí ohun tó hàn lójú wọn. Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ó fò yín ru: AS yìí kan náà ló ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn tó le, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ohun tó gba àwọn baba ńlá yín là lọ́wọ́ ikú ló di ẹrù lọ́rùn yín. Ta ni èèyàn máa wá bá wí nínú ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ orí kọ́wọ́ lẹ́rán. Bí orí bá ti yàn án, tó parí síbẹ̀, kí là bá ń bọrí fún? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìdájí, kí ẹni náà tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó pọ̀, yóò jókòó, wọn a ta omi sílẹ̀, wọn a fi obì kàn án níwájú orí, wọn a sì wúre: "Orí pẹ̀lẹ́, atètè níran, atètè gbeni kòòṣà. Kò sóòṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni." Wọn a pa obì, wọn a dà á, wọn a wo ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó ń bá orí náà jà. Wọ́n ń kí i ni, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbe ẹni tó gbé e rù. Mo ti rí aláìsàn tí ara rẹ̀ ò le sí i lẹ́yìn ìbọrí, àmọ́ tó dẹ́kun fífi ara rẹ̀ ṣe ọ̀tá. Èrè tó tóbi ni mo ka ìyẹn sí.

Ifá tún sọ nípa ìgbà tí gbogbo Orí péjọ gbìmọ̀ tí wọn ò pe Ẹsẹ̀. Ìpàdé náà dàrú, wọ́n ní láti ránṣẹ́ pè é. Kò sẹ́ni tí í gbìmọ̀ tí í yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tiyín ni ilé ìwòsàn, oògùn ojoojúmọ́, omi mímu déédéé, àwọ̀n ẹ̀fọn lórí bẹ́ẹ̀dì, àti bíbi dókítà léèrè nípa oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1998 fún àgbàlagbà tí ìrora ń bá jà lemọ́lemọ́. Àwa náà la sọ pé a rí tàìsàn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe.

Inú mi máa ń bàjẹ́ sí àwọn tó ń fi àkúnlẹ̀yàn di ẹnu aláìsàn. Wọn a ní kí ó má ké mọ́, òun ló yàn án. Òmíràn a ní kó ju oògùn nù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè pé. Àwọn tó ń ṣe èyí wà nílé Ifá, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wà láàárín àwọn tó ń pè é ní kádàrá ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá bá yín sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn Àjàlá ò yé e.

Bí ọkàn yín bá fà sí bíbọrí, tàbí sí àdúrà tó jọ ọ́ nínú ẹ̀sìn yín, ẹ ṣe é. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀jẹ̀ yín fún ẹni tó máa bá yín ṣe é. Òùngbẹ àti òtútù máa ń mú kí ìrora dìde, nítorí náà ẹ má gba ààwẹ̀ gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀ yín ní ìdájí. Obì àti omi díẹ̀ tó fún ìbọrí. Bí babaláwo tàbí wòlíì náà bá ní dandan àfi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tàbí omi odò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.