Kí ló ń mú ìrẹ̀ ké lóru, báwo ni mo ṣe lè lé e kúrò nínú ilé?

Akọ nìkan ló ń ké o, ó ń fi pe abo ni, ó sì tún fi ń lé akọ ẹgbẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹsẹ̀ ló ń fi ké, rárá, ìyẹ́ apá iwájú méjèèjì ló máa ń fi ha ara wọn, ọ̀kan ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn. Etí ẹ̀ gan-an ló wá wà lẹ́sẹ̀ iwájú (èmi ò tíì rí irú ẹ̀ rí). Tí ooru bá mú, á máa ké léraléra, tí òtútù bá mú, á rọra ṣe é.

Tó o bá fẹ́ mú un, má sáré kiri yàrá, torí tó bá ti gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ẹ, ó máa dákẹ́ ni. Pa iná, dúró jẹ́ẹ́ títí táá fi tún bẹ̀rẹ̀, kó o máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, tó bá dákẹ́ kí ìwọ náà dúró, tó o bá dé ìdí ẹ̀ kó o wá tan tọ́ọ̀ṣì, da ife bò ó, ti páálí sábẹ́ ẹ̀, kó o gbé e jù síta.

Tí wọ́n bá pọ̀, gbé páálí onígọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dí abẹ́ ilẹ̀kùn, tún páìpù tó ń jò ṣe torí wọ́n fẹ́ràn ibi tó tutù, kó o sì máa pa iná ìta. Má tíì ra májèlé o, wọn kì í sábà bu èèyàn jẹ, aṣọ àti ìwé ni wọ́n lè gé jẹ.