Èsì: Ṣé AI lè bá wa ya àga tó ń wọni lọ́kàn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá AI lè ya àga tí oníbàárà ò ní fẹ́ jọ̀wọ́ láéláé. Ó lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá bi í ló máa dáhùn. Ní 2019, Philippe Starck, ayàwòrán ohun èlò ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Kartell, ilé-iṣẹ́ àga ilẹ̀ Ítálì, gbé àga kan tí wọ́n pè ní A.I. jáde ní ìlú Milan. Sọ́fítíwíà AI ti ilé-iṣẹ́ Autodesk ló bá wọn yà á. Ohun tí wọ́n ní kó wá ni àga tó máa gbé ènìyàn ró láìjẹ ohun èlò púpọ̀. Ó sì wá a rí.

Ti ọkàn yàtọ̀. Màmá kan gbé àga olóògbé ọkọ rẹ̀ wá fún mi láti tún ṣe. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti dán, ibẹ̀ ni bàbá máa ń gbọ́wọ́ lé. “Má fi ìfági kan ibẹ̀ o,” ni màmá wí. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu oníbàárà, kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà.