Kí ẹ tó tún fín oògùn sí ikán yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá omi tó ń mu

Ọ̀gá mi, ẹ ní ikán wọ férémù ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn yín, ẹ fín oògùn sí i, wọ́n kú, àmọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n tún fi dé. Ẹ ní dúdú kan tún ń yọ lára ògiri lókè ibẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí kí ẹ yọ férémù náà dànù kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ti ṣe méjèèjì rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣe é, férémù mẹ́ta ni mo sì pààrọ̀ sójú kan náà.

Ilẹ̀kùn tèmi kọjú sí balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ ti férémù rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ni àtàǹpàkò mi bá rì wọnú igi. Ọ̀dà tí mo kùn ún ṣì ń dán, ẹni tó bá wò ó á ní kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ igi ti tán lábẹ́ ọ̀dà. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ìwé, erùpẹ̀ sì kún àárín wọn. Àwọn ikán funfun náà ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi padà wá, tí wọ́n gbé hóró erùpẹ̀ tútù sẹ́nu, tí wọ́n ń dí ojú ibi tí mo là níkọ̀ọ̀kan, hóró kan lẹ́yìn òmíràn.

Erùpẹ̀ tútù. Ká ní mo kíyè sí i lọ́jọ́ yẹn pé ó tutù, tí mo bi ara mi léèrè ibi tí wọ́n ti rí omi nínú ilé tí mo rò pé ó gbẹ, ìyà ọdún mẹ́rin ìbá má jẹ mí.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ti ikán inú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń jẹun yàtọ̀ sí ibi tó ń gbé. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá wọn wà tó ń yé ẹyin. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ ń rí lára igi, oúnjẹ ni wọ́n wá gbé lọ sílé. Awọ ara wọn fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í pẹ́ pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà amọ̀ lára ògiri kí wọ́n lè gba inú rẹ̀ kọjá láìgbẹ. Nígbà tí ẹ bá fín oògùn sí igi, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni ẹ pa. Ìyá wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Káfíńtà àgbàlagbà kan ló là mí lójú. Mo pè é wá fún férémù kẹta, kò tiẹ̀ wo férémù náà. Ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé, ó sún un díẹ̀, ó tún gbé e lé ibòmíràn. Ó ní, “Ògiri yìí tutù níbí, kò tutù lọ́hùn-ún. Ibo ni páìpù gbà kọjá?” A fọ́ sìmẹ́ńtì tó bo páìpù náà. Ojú ibi tí wọ́n ti so páìpù méjì pọ̀ ló ń kán. Ẹ̀kán kan, ẹ ó ka ení, èjì títí dé nǹkan bí ẹẹ́wàá, kí òmíràn tó kán. Kò pọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́. Ó ti rin erùpẹ̀ abẹ́ ilé gbingbin. Níbi tí páìpù ti la sìmẹ́ńtì ilẹ̀ kọjá, àlàfo kan wà tí kò fẹ̀ ju sísanra páálí lọ, amọ̀ ikán sì ti tẹ́ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

A tún páìpù ṣe. A fi ògiri sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó gbẹ, a ò kan igi kankan mọ́ ọn títí ó fi gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oògùn tó kàn, ilẹ̀ ló sì gbà á, igi kọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ìpìlẹ̀, ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 15, ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó da oògùn sí i, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ tó gbẹ́ jáde, ó sì dá a padà. Ẹ bi ẹni tó bá máa ṣe tiyín léèrè irú oògùn tó fẹ́ lò. Àwọn kan wà tí ikán máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á yà fún un, wọ́n á wá àlàfo mìíràn gbà. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í mọ̀, bíi fipronil àti imidacloprid. Wọ́n á gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á kó o ran àwọn yòókù kó tó pa wọ́n. Irú èyí ni mo fara mọ́. Bí kànga bá wà nítòsí, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí oògùn náà kò gbọ́dọ̀ dé inú omi tí ènìyàn ń mu.

Dúdú tó ń yọ lára ògiri yín, ògiri ló ń bu. Èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ omi kan náà ló ń bọ́ ọn. Ẹ má da bílíìṣì lé e kí ẹ rò pé ó tán. Lára táìlì, ó dáa. Lára igi àti ògiri tó ń fa omi, àwọ̀ dúdú náà á lọ, omi inú bílíìṣì á wọlé sí i, yóò sì tún yọ. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ gé ohun tó bá ti rọ̀ kúrò. Ẹ bo imú. Àti pé, ẹ má po bílíìṣì pọ̀ mọ́ ohun ìfọlé mìíràn láéláé, pàápàá èyí tó ní amóníà tàbí ásíìdì nínú. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ tún yẹ igi náà wò dáadáa kó lè dá yín lójú pé ikán ni lóòótọ́. Ẹ fi ìṣó gún un. Bó bá rọ̀ tó sì ní amọ̀ nínú, ikán inú ilẹ̀ ni. Bó bá rọ̀ láìsí amọ̀, tó ti dúdú tó sì sán sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, jíjẹrà ló ń jẹrà. Igi kì í sábà jẹrà bí omi inú rẹ̀ kò bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ hóró líle kéékèèké bí iyanrìn ló ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ikán inú igi gbígbẹ nìyẹn. Òun kì í gbé inú ilẹ̀, oògùn tí wọ́n bá dà sílẹ̀ kò kàn án.

Mo rí i pé ẹnì kan ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò pa igi tuntun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é sí férémù kejì. Ojú igi ló dúró sí, kò wọnú. Òórùn rẹ̀ kò kúrò nínú yàrá fún oṣù púpọ̀, ikán sì gba ìdí férémù wọlé, níbi tí wọ́n ti gé e tí ọ́ìlì ò dé. Oògùn igi tí wọ́n ń pè ní borate ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Ẹ fi pa igi kó tó rí ọ̀dà rárá, nítorí kò lè gba ara ọ̀dà wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ibi gbogbo tí wọ́n ti gé e mu ún yó. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí náà inú ilé ló wà fún, tàbí kí ẹ kùn ún lọ́dà lẹ́yìn tó bá ti gbẹ.

Níta, ẹ wo ìdí ògiri yẹn. Bí erùpẹ̀ bá ti ga débi tó fẹ́ kan igi, ẹ kó o kúrò títí àlàfo sẹ̀ńtímítà 15 ó kéré tán yóò fi wà láàárín wọn. Igi ìdáná tàbí páálí tó bá fara ti ògiri, ẹ gbé e jìnnà.

Bí ẹ bá ní mítà omi, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi lálẹ́ òní kí ẹ tó sùn, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí nọ́ńbà náà bá ti yí láàárọ̀, ibì kan ń jò. Bí kò bá yí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá a lára ògiri bí káfíńtà yẹn ṣe ṣe, kí ẹ sì wo òkè náà, nítorí òrùlé tó ń jò lè gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń yọjú síbí.