Ibi tí ó yẹ kí ibùba ọdẹ wà létí omi

Àbúrò mi, o béèrè ìdí tí ẹran kò fi yọjú síbi ibùba tí o fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe sí bèbè odò kékeré tí ó ń ṣàn lọ bá odò Ògùn, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ń kún ẹrẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Ibùba náà kò ní àbùkù lójú tèmi. Ibi tí o gbé e sí ni kò dára.

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ ní agbègbè Abẹ́òkúta yìí, òórùn ọdẹ ni mo rí pé ó ń lé ẹran sá ju ìrísí rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ wa kún fún àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, afẹ́fẹ́ máa ń gun òkè lọ; ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀ tí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, yóò yí padà, yóò máa ṣàn wálẹ̀ síbi tí omi wà, tí ẹni tí ó jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lókè omi yóò fi ti fi òórùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgalà kí ó tó jáde. Di eérú díẹ̀ sínú àkísà, kí o sì máa fọ́n ọn ní ìwọ̀n ojú àti ní ìwọ̀n orúnkún kí o lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, nítorí mo ti rí i tí ti òkè lọ sọ́tùn-ún, tí ti ìsàlẹ̀ sì rọra forí lé omi tààrà. Ti ìsàlẹ̀ ni kí o gbà gbọ́.

Wo ẹsẹ̀ ẹran wọ̀nyẹn dáadáa. Èyí tí etí rẹ̀ mú, tí omi ṣì ń sun sínú rẹ̀, ti òru àná ni. Èyí tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti sán, tí ewé sì ti bọ́ sí, ti pẹ́. Tọ ẹsẹ̀ tuntun padà sínú igbó títí o ó fi rí ojú ọ̀nà wọn, kí o sì ba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 sí omi, nítorí ẹran máa ń dúró wòye níbẹ̀ kí ó tó bọ́ sí gbangba. Bí o bá ti ṣe ibùba tuntun síbẹ̀ tán, fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí òórùn imọ̀ tútù lè lọ.

Má retí ẹtu púpọ̀, nítorí ewé àti èso tí ó ń jẹ ń fún un ní omi tó. Ìgalà àti ẹyẹ awó ni kí o máa wò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kòtò orí àpáta bá ti gbẹ. Lójò, omi wà níbi gbogbo, asán ni ìjókòó náà.

Bí igi tí ó lágbára bá wà, ẹ̀gùn, ìyẹn ìjókòó tí ọdẹ ń so sórí igi, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọta yóò kọjú sí ilẹ̀. Má ṣe yìnbọn gba ojú omi kọjá láé: ọta máa ń ta lórí omi àti lára àpáta, apẹja àti darandaran sì ń lo odò kan náà. Ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù náà ń tàn nínú iná tí ọdẹ ń dè mórí, nítorí náà rí gbogbo ara ẹran kí o tó fọwọ́ kan ìbọn.

Sọ fún mi ìhà tí òkè wà sí ibùba rẹ, kí n lè sọ ibi tí mo máa gbé e lọ.