Kùrukùru ò le tó àwọn tó ń dúró dè wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé báwo ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń wa hẹlikọ́pítà lu ilẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, nígbà tí mítà tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe wà hàn kún iwájú rẹ̀, bíi ti èyí tó pa Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà báńkì Access, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ ní aṣálẹ̀ Mojave lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì, ọdún 2024. Irú iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe l'Amẹ́ríkà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Hẹlikọ́pítà kékeré bíi R44 tí mò ń wà kì í dúró fúnra rẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lára ọ̀pá ìdarí, ó ti ń lọ síbi tó wù ú. Ojú la fi ń mú un dúró, ojú tó ń wo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé sánmà. Bí kùrukùru bá gba ibẹ̀, tàbí òkùnkùn aṣálẹ̀ tí kò ní iná kankan, inú etí ló kù tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà, òpùrọ́ sì ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n dijú, ó ń rọra yí ọkọ̀, ó wá bi mí pé ibo là ń lọ. Mo ní tààrà là ń lọ. Mo lajú: a ti fì sápá òsì, a sì ń wálẹ̀. Òótọ́ ni mítà ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló ń sọ pé irọ́ ni.

Ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan ò gbani níbẹ̀. Awakọ̀ tó gbé Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi jọ kú nínú kùrukùru lọ́dún 2020, ti lò ju wákàtí 8,000 lọ lójú òfurufú, ó sì gbàwé ẹ̀rí àtifi mítà wakọ̀. Síbẹ̀, ó ń sọ lórí rédíò pé òun ń gòkè, nígbà tó ń já bọ̀ wálẹ̀ nítòsí Calabasas ní California. NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà, ò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni fipá mú un. Òun ló ń lé ara rẹ̀ kó má bàa já oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Òfin Amẹ́ríkà gbà kí hẹlikọ́pítà fò lọ́sàn-án nítòsí ilẹ̀, níbi tí kò sí olùdarí ọkọ̀ òfurufú, bí ojú bá ṣáà ti ríran dé ìdajì máìlì. Ní eré 100 knots (nǹkan bí kìlómítà 185 ní wákàtí kan), nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16 ni ìdajì máìlì yẹn. Mi ò fi òfin yẹn ṣe ìwọ̀n. Bí mo bá ti ní láti yọ 30 knots kúrò nínú eré mi kí n tó ríran dáadáa, tàbí tí mo sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 500, mo ń padà nìyẹn, tàbí kí n balẹ̀. Mi ò tún bá ara mi jíròrò.

Hẹlikọ́pítà ṣáà lè balẹ̀ sínú oko! Mo gbé e kalẹ̀ sínú oko ìrẹsì kan ní Louisiana pẹ̀lú àwọn tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Àgbẹ̀ náà ò bínú, ọkọ̀ rẹ̀ ló fi gbé wọn dé títì. Bàbá ìyàwó ló bínú. Ó kọ́kọ́ fi owó kún owó fún mi pé ká tẹ̀ síwájú, nígbà tí mo kọ̀, kò san èyí tó kù, ọ̀gá mi sì yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Àwọn awakọ̀ ń ro irú ọjọ́ yẹn lọ́kàn nígbà tí sánmà bá ń ṣú lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ háyà hẹlikọ́pítà, ẹ bi awakọ̀ kí ẹ tó wọlé pé ibo ló máa balẹ̀ sí bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́. Bí kò bá rí èsì sọ, ẹ má wọ̀ ọ́. Kí ẹ sì ti bá onímọ́tò kan ṣàdéhùn sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí awakọ̀ náà gbọ́ pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.